Àtẹ̀gùn Ni Ọ̀gá Sípánà Gbà

Láti ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé iṣẹ́ àwọn tó ń tún lífítì ṣe ni wọ́n ti ń pè é ní Àyè-Obìnrin. Iléeṣẹ́ ya àyè mẹ́ta sọ́tọ̀ fún obìnrin lọ́dún náà, òun ló mú ọ̀kan. Ẹ̀rín ló fi ń dá wọn lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọra.

Olórí wọn, Ọ̀gá Sípánà, ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ rárá. "Máàkì méjì ni ọmọ àbúrò mi fi ju obìnrin yìí lọ nínú ìdánwò, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?" Ìyá Ìbejì náà máa ń ro ti ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò ti fẹ́ pé. Bí Ọ̀gá Sípánà ò bá buwọ́ lùwé rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Àṣà wọn ni pé ẹni tó tún lífítì ṣe àti ẹni tó máa buwọ́ lùwé ni yóò kọ́kọ́ jọ gùn ún. Ìyá Ìbejì pààrọ̀ okùn lífítì ilé alájà mẹ́wàá kan, ó nu ọwọ́. "Ọ̀gá, ó yá."

"Máa lọ. Mo fẹ́ na ẹsẹ̀."

Ẹ gbà mí! Ẹni ọgọ́ta ọdún tí orúnkún ń dùn ún, àtẹ̀gùn ló gbà!

Ìyá Ìbejì ti mu omi tán lókè kí bàbá tó yọ, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo àtẹ̀gùn, ó wo lífítì. Orúnkún ẹ̀ ló dá ẹjọ́ yẹn fún un. Àwọn méjèèjì wọ lífítì, bàbá di irin ẹ̀gbẹ́ mú gírígírí.

Lífítì ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò gbọ̀n.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ọwọ́ yín ni mò ń wò."

Bàbá jọ̀wọ́ irin náà. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọ̀gá níbí nígbà tí mo dé. Èmi ò tiẹ̀ ṣèdánwò kankan. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

"Háà! Àyè-Ẹ̀gbọ́n-Bàbá!"

Ọ̀gá Sípánà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó gbé ìwé lé itan, ó buwọ́ lù ú. "Ti ọmọ àbúrò mi ṣì ń dùn mí o."

"Ó ń dun èmi náà. Ẹ ní kó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Màá kọ́ ọ níṣẹ́."

Wọ́n délẹ̀. Bàbá fọwọ́ gbá orí: ó ti gbàgbé àpò irinṣẹ́ ẹ̀ sókè. Ìyá Ìbejì nawọ́ sí àtẹ̀gùn.

"Kí n tún lọ pa ara mi?" Bàbá dá nìkan wọ lífítì padà, ó ń súfèé.