Ta Ló Ba Aago Bàbá Wa Jẹ́?

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, lẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ó purọ́ mọ́ mi nítorí aago ọwọ́ bàbá wa, irọ́ náà sì bá mi gbé títí mo fi di arúgbó.

Aago wúrà ni. Ilé iṣẹ́ tí bàbá ti ṣe akọ̀wé ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Kò lo bátìrì. Ńṣe la máa ń lọ́ orí rẹ̀ láràárọ̀ kí irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ lè ká, kó wá máa tú díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí àìsàn mú bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún, èmi ni mò ń bá a lọ́ ọ kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé.

"Rọra," ni bàbá máa ń wí. "Tó bá ti ń le, fi í sílẹ̀."

Bàbá kú tán, àbúrò mi gba aago. "Aago ọkùnrin ni, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo rí i lórí tábìlì. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé e, mo lọ́ ọ. Ó le. Kò sì lọ. Àfi bí àbúrò mi ṣe pariwo pe gbogbo ẹbí: "Ẹ wá wò ó o! Ẹ̀gbọ́n ti lọ́ ọ já!" Ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀, èmi ni mo ṣà á.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọwọ́ Irin. Bí mo bá na ọwọ́ sí ìgò, àǹtí mi kan á ní, "Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o, á já a lọ́rùn!" Wọn á rẹ́rìn-ín. Mi ò lè bínú, torí mo bẹ̀rù pé òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé aago náà fún ẹnikẹ́ni tún ṣe, tó fi wà nínú àpótí mi láti ìgbà náà.

Lọ́dún yìí, mo gbé e lọ bá atúnaagoṣe kan ní àdúgbò Akpakpa. Mo jókòó, mo dìde, mo jáde lọ wo ọ̀nà, mo tún wọlé.

"Màámá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Ó fi awò kékeré há ojú, ó ṣí ẹ̀yìn aago. "Ṣé irin rẹ̀ já?" ni mo bi í.

"Irin wo? Òun nìyí, odindi ni. Ẹ wo àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, gbogbo eyín wọn ló dógùn-ún. Iyanrìn rèé. Omi òkun ló pa á, màámá. Ta ló wọ̀ ọ́ lúwẹ̀ẹ́?"

Ta ló tún máa jẹ́? Àbúrò mi tó máa ń wọ̀ ọ́ lọ fi ara hàn ní etí òkun Fidjrossè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ìgbà náà ni.

Atúnaagoṣe náà pààrọ̀ àwọn kẹ̀kẹ́, ó kán epo sí ìdí àwọn òkúta pupa kéékèèké tí àwọn kẹ̀kẹ́ náà ń yí lé. Ọjọ́ tó dá a padà, aago ń dún kíkíkí. Mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílé. Ekpè ni mo gbà lọ, níbi tí àbúrò mi ń gbé báyìí. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un lórí ìdúró.

Ó gbé aago sétí, ó gbọ́ ọ pẹ́. Ó wá ní:

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tó ti wọnú òkun ni mo ti mọ̀. Àmọ́ tó bá ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Aago ọkùnrin ni."