Ọ̀ta Mi Ni Mo Kà Sí Ọ̀tá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí a bá ti ilé kéú dé, iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti máa ń ta ayò. Ẹ̀yin àbúrò mi, mo mọ̀ pé n kò tíì dàgbà tó ẹni tó ń sọ ìtàn ìgbà èwe. Ọdún méjì péré ló ṣì pé tí mo jáde ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí n kò bá sọ ọ́, orí mi á dàrú.

Rédíò télọ̀ náà kì í sinmi. Àpàlà ló máa ń kọ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi á sì máa fi ìka lu etí ọpọ́n tẹ̀lé e. Bó bá ti ń lù ú báyẹn, ó ti rí ibi tó máa ti jẹ mí nìyẹn. Télọ̀ á wá bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ yìí, ṣé ojú lo fi ń wo ayò ni àbí imú?"

Ẹni tó bá mọ ayò ta dáadáa là ń pè ní ọ̀ta. Ọ̀rẹ́ mi ni ọ̀ta wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pa á láyò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ọ̀ta mi, mo júbà o!" Láti ọjọ́ náà, kò fi orúkọ pè mí mọ́.

A jọ lọ kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá kan náà la sì gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ kan, fóònù ọmọ ilé wa kan sọnù, wọ́n bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ọ̀rẹ́ mi ló gbé e. Wọ́n bi í, ó nawọ́ sí mi. Wọ́n fi orin olè sìn mí káàkiri Under G, òun náà sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. Àtẹ́wọ́ yẹn ló pa mí, kì í ṣe orin. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ àpàlà níbikíbi, màá yà gba ọ̀nà mìíràn. Mo rò pé ìkórìíra náà ń fún mi lágbára. Irọ́ ni, ó ń jẹ mí run ni.

Lọ́dún tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Ota mi, se o wa ni Oyo? Mo fe ri e." Kò fi àmì ohùn sí i. Ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ọ̀tá ni mo kà. Ó bà mí lórúkọ jẹ́ tán, ó tún ń pè mí ní ọ̀tá! Mo dá a lóhùn pé, "Ọlọ́run á dájọ́ láàrin wa," mo sì ṣe é kí nọ́ńbà rẹ̀ má lè wọlé sí mi mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Ọ̀ta!" Bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń pè mí ló ṣe pè mí gẹ́lẹ́. "Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ rí ọ kó tó lọ? Ó lóun fẹ́ wá tọrọ àforíjì. Ó ní, 'Ìyá mi, ọ̀ta mi ò ní lé mi.'"

"Ó lọ síbo, mà?"

"Ó ní ọ̀nà aṣálẹ̀ làwọn máa gbà dé òkè òkun. N ò gbóhùn rẹ̀ mọ́ o, ọmọ mi."

Mo jókòó sórí àpótí oníyọ̀ kan láì tọrọ àyè. N kò lè sọ èsì tí mo fún ọmọ rẹ̀ fún un, títí di òní n kò tíì sọ ọ́.

Ojoojúmọ́ ni mò ń pè é. Nọ́ńbà náà kì í lọ.

Nígbà èwe wa, bí ẹnìkan bá pè ọ́, wàá gbọ́ ohùn rẹ̀, wàá sì mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí ìjà. Nísinsìnyí, lẹ́tà lásán là ń jù síra wa, ohun tó wà nínú kálukú ló sì fi ń kà á. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ yín bá kọ̀wé sí yín, ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ti dárí ji tèmi, tọkàntọkàn. Kò mọ̀.