Ọṣẹ Tí Maurice Ò Ná Tán

Lọ́jọ́ ọjà Moretan kan ní Tógò lọ́dún 1983, olóògbé Maurice, bàbá Lucie, gbọ́wọ́ lé páálí ọṣẹ ìbóra kan níwájú Fàósátù ọlọ́ṣẹ láàárọ̀, kò gbé e kúrò títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó lóun ń nájà. Lọ́jà wa, ẹni tó ń nájà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kúrò kí ẹlòmíràn tó dá sí i, nítorí náà Fàósátù ò rí ẹyọ ọṣẹ kan tà.

Kí Ọlọ́run foríjì í, ọkùnrin náà máa ń súni. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀ l'Agbonou. Látìgbà tó ti gbọ́ pé mákíúrì, omi fàdákà inú ìgò tí nọ́ọ̀sì ń fi sábẹ́ abíyá aláìsàn, wà nínú ọṣẹ ìbóra, a ò gbádùn mọ́. Ó ní ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ṣe ọmọ inú oyún níbi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Datcha, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó sọ ọ́ títí: Fádà jókòó, àwọn akọrin jókòó, ìrẹsì àlejò jóná.

Lọ́jọ́ ọjà yẹn, bí oníbàárà kan bá ti dé, á fi fáráǹkì kan péré kún iye tó dá, á wá kọjú sí onítọ̀hún, á bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Nígbà tó yá, Fàósátù ò lè mú un mọ́ra.

“Bàbá Lucie, ẹ rà á tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Kí lẹ ń wá gan-an?”

“Ìyá Àwẹ̀ní, ta ló ń fi ọṣẹ yìí wẹ̀ nílé yín?”

Àwẹ̀ní ọmọ Fàósátù ni, tó lóyún oṣù mẹ́fà.

“Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti wú. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́la, kẹ́ ẹ mú ọṣẹ náà dání.”

Wọ́n lọ. Dókítà ní kí Àwẹ̀ní má fi ọṣẹ náà kan ara mọ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀. Inú Fàósátù dùn débi pé ó fẹ́ da páálí náà sódò Mono. Ariwo Maurice tún bẹ̀rẹ̀: ṣé kí ẹja jẹ ẹ́, kí àwa wá jẹ ẹja ni? Maurice ní kó dì í sínú ọ̀rá, kó fi pamọ́, òun á wádìí ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ọdún mẹ́rin ló fi ń da àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láàmú lórí ẹ̀ kó tó kú.

Ariwo rẹ̀ ń ṣe wá báyìí bí ebi. Páálí náà ṣì wà lẹ́yìn ìsọ̀ Fàósátù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan rí i, ó béèrè iye tó ń tà á.

Fàósátù fi etí ìborùn nu ojú.

“Má bínú, ọmọ mi. Bàbá Lucie ṣì ń ná an lọ́wọ́.”