Àmín Tí A Fẹ́ Gbà Padà

Bí ẹ bá dé Odòde ní Ìdànrè, tí ẹ béèrè ẹni tó mọ fíìmù onígbàgbọ́ tó dáa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa júwe fún yín. Mi ò fọ́nnu o. Aṣọ ni mò ń rán, fíìmù ni mo sì máa ń wò bí mo ṣe ń rán an. Ẹsẹ̀ mi á wà lórí máṣíìnì, ojú mi á wà lára fóònù. Àwọn oníbàárà á gbé aṣọ wá, wọ́n á ní, "Àǹtí, èwo la máa wò lọ́sẹ̀ yìí?" Màá sọ fún wọn. Mo mọ èyí tó dára fún ọkọ tó ń mutí, mo mọ èyí tó dára fún ìyàwó tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, mo sì mọ èyí tí ọmọdé ò gbọdọ̀ wò, nítorí pé àjẹ́ inú rẹ̀ ò jẹ́ kí èmi alára lè dá lọ sílé ìwẹ̀. Òfin mi ò le. Fíìmù tí àjẹ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ ju pásítọ̀ lọ, mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni wò ó. Èyí tí pásítọ̀ ibẹ̀ bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ ju Ọlọ́run lọ, ẹ gbé e jù sẹ́yìn.

Ẹni tí mo ń yan fíìmù fún jù lọ ni ìyá mi, òun gan-an ni kò sì ríran dáadáa. Kì í ṣe pé ó fọ́jú o. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀, ẹ ti wá ìjà. Ohun funfun kan ló bo ẹyinjú rẹ̀, bí ìkúùkù tó máa ń bo orí òkè wa láàárọ̀. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè mọ ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ àfi bí onítọ̀hún bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wo fíìmù, èmi ni ojú rẹ̀. Á jókòó tì mí, á tẹ́tí sílẹ̀, á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló wọlé yẹn?"

"Ìyàwó ni, mà."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

Ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà. Ìyàwó á ti wọ síkẹ́ẹ̀tì kan tí kò dé orúnkún, bí mo bá sì sọ òtítọ́, ìyá mi á ní ká pa á, pé fíìmù ayé ni. "Ìró àti bùbá ni, mà," ni màá wí. "Ṣé ó wé gèlè?" "Ó wé e, mà, ó bá a mu." Báyìí ni mo ṣe fi ẹnu wọ gbogbo ọmọbìnrin inú fíìmù onígbàgbọ́ láṣọ. Télọ̀ ni mí, iṣẹ́ mi ni.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Àkúrẹ́ ti sọ fún wa pé iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa mú ohun funfun náà kúrò, ṣùgbọ́n ká má fi falẹ̀, torí bó bá pẹ́ jù, ojú náà lè lọ pátápátá. Ìyá mi ní òun ò lọ. "Ojú ni o, kì í ṣe iṣu," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀bẹ kàn án." Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, á ní Olúwa tó la ojú afọ́jú ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a ní ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ sójú fèrèsé, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ń wò ó bóyá òun ṣì lè rí ìka òun. Mo rọra padà sẹ́yìn kó má baà mọ̀ pé mo rí i. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe ẹni tó ń tètè sunkún.

Àsìkò yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ aláṣọ funfun, ra ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri. Wòlíì wa ní ká máa wo fíìmù lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, kí àwọn ọ̀dọ́ yéé sá lọ wo bọ́ọ̀lù. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n yan èyí tí a máa fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, háà, Ọlọ́run ti dáhùn! Mo ti ní èyí tí mo fẹ́ nílẹ̀. Nínú fíìmù náà, obìnrin kan tí ojú ń yọ lẹ́nu lọ bá wòlíì kan, wòlíì gbàdúrà fún un, ó sì ní kó máa lọ bá dókítà, pé ọwọ́ dókítà ni Ọlọ́run máa gbà wò ó sàn. Mo ti wo apá kìíní nídìí máṣíìnì mi, mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Apá kejì ni mi ò tíì wò. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ẹni tó ń tà á ní Atosin fi í ránṣẹ́. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ wò? Obìnrin náà á lọ sí ọsibítù, ojú á là, wọ́n á jó. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Ìjọ wa kì í wọ bàtà wọnú ilé àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbọ́ àdúrà ká má ṣe Àmín. Ó ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Bí ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí bá ṣàdúrà lójú títì, a ó ṣe é. Bí rédíò bá ṣàdúrà nínú ọkọ̀, a ó ṣe é. Àlàájà tó ń ta aṣọ ní àdúgbò wa, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré, náà bá wa wá, torí kì í jẹ́ kí fíìmù kan kọjá lẹ́yìn òun. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti ìyá mi, ó ní, "Mùsùlùmí ni mí o, fíìmù nìkan ni mo wá wò."

Fíìmù bẹ̀rẹ̀, wòlíì inú rẹ̀ bá yọ. Sùtánà rẹ̀ funfun ju tiwa lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí wa láti ara ògiri. "Ẹnikẹ́ni tí ojú ń yọ lẹ́nu, kó gbé ọwọ́ lé e!" Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e. "Bó o bá lọ sọ́dọ̀ dókítà, o ò ní fọ́jú bọ̀!" "Àmín!" Ilé mì tìtì. "Ọwọ́ tó máa kan ojú rẹ, ọwọ́ Ọlọ́run ni!" "Àmín!" Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin wa, ti wà lórí eékún. Ọkùnrin tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ sáré wọlé wá ṣe tirẹ̀, ó sáré jáde. Àlàájà tó wá wo fíìmù nìkan ń ṣe Àmín ju àwọn àgbà ìjọ lọ. Nígbà tó parí, bàbá olóko kan ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn, pé òun wà níta nígbà tí wòlíì ń gbàdúrà fún àwọn oníkòkó. Wọ́n dá a padà, a tún ṣe gbogbo Àmín náà látòkè.

Ìyá mi dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "Mo máa lọ," ló wí. "Mú mi lọ sí Àkúrẹ́." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ògiri. Mo ní lọ́kàn mi pé, ìwọ obìnrin yìí, o mọ fíìmù yàn!

Wọ́n fi apá kejì sí i. Kò pẹ́ ni mo rí wòlíì náà tó gba ẹ̀yìn ilé jáde, ó bọ́ sùtánà sílẹ̀, ó wọ odò, ó sì ń bá nǹkan kan sọ̀rọ̀ nínú omi. 

"Kí ló ń ṣe?" ni ìyá mi wí.

"Ó ń wẹ̀, mà."

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ó ń kọrin ni, mà."

Nǹkan inú omi bá fi ohùn gbàǹgbà dá a lóhùn pé agbára tí òun fún un ti fẹ́ tán, kó wá san ẹ̀jẹ́. Irọ́ mi ò ríbi gbà mọ́.

"Yéè!" Ìyá Ìjọ figbe ta. "A ti ṣe Àmín fún un!"

Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn kan sáré lọ bu omi àdúrà, àwọn kan ń gbọn aṣọ wọn bí ẹni tí èèrà gùn. Bàbá olóko gbé ọwọ́ lórí, ó ní kòkó òun ti wọ gàù, òun tí òun tún ní kí wọ́n dá a padà! Gbogbo wọn bá kọjú sí mi. "Àǹtí télọ̀, ìwọ lo ní ká wò ó!" Inú bí mi. Mo ní, "Mo ní kẹ́ ẹ wò ó, ṣé mo ní kẹ́ ẹ ṣe Àmín?" Wọn ò gbọ́. Wòlíì wa ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, ó ní ká dìde dúró. "Gbogbo Àmín tí a ṣe sẹ́nu wòlíì èké, a gbà á padà!" Ìjọ dáhùn pé, "Àmín!" Wòlíì kàn wò wá bọ̀ọ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn béèrè pé ṣé ẹ̀ẹ̀kan la máa gbà á padà ni, àbí iye ìgbà tí a ṣe é, nítorí a tún un ṣe o. Àlàájà náà na ọwọ́ sókè. "Wòlíì, tèmi ńkọ́? Mo kàn bá yín ṣe é ni. Ṣé ẹ máa bá mi gbà á, àbí kí n lọ bá Lèmọ́mù?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni mo bá wo ìyá mi. Kò bá wọn la ẹnu. Ojú rẹ̀ ti wọlẹ̀. Bí a ṣe ń lọ sílé, ohun kan ṣoṣo ló sọ. "Wòlíì èké ló ní kí n lọ sí ọsibítù. Mi ò lọ mọ́." Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí i bí. Èmi ni mo gbé fíìmù tó sọ ọ́ di akíkanjú wá, èmi náà ni mo gbé apá kejì tó dá a padà sínú ẹ̀rù rẹ̀. Bí ojú yẹn bá lọ, kí ni màá sọ fún ara mi?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí síta. Òun àti Àlàájà jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Báwo ni ojú ọkùnrin yẹn ṣe rí?" ló béèrè.

"Ó dáa lójú, mà. Ó mọ́ tónítóní."

"Ẹ ò rí nǹkan kan tó ṣe bákan lójú rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, mà."

Ó pòṣé. Iṣẹ́ kòkó rírà ni ìyá mi ṣe dàgbà. Bí ẹnì kan bá gbé kòkó tútù wá tó ní ó ti gbẹ, ìyá mi kì í kọ́kọ́ wo àpò, ojú onítọ̀hún ló máa ń wò. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lójú," ló wí, "ọkùnrin kan dúró lára ògiri, ó ń purọ́ fún yín, ẹ ò mọ̀. Ká ní mo ríran ni, kò lè tàn mí."  "Látìgbà tí ojú yìí ti ń ṣú, ohun tí ènìyàn bá sọ fún mi ni mò ń gbà. Ó ti sú mi."

"Ó yẹ kó sú ọ," ni Àlàájà wí.

"Àmín yẹn wá ńkọ́, mà?" ni mo béèrè.

"Mi ò gbà á padà. Ọkùnrin yẹn kọ́ ni mo ṣe é fún, Ọlọ́run ni. Bí olè bá wá sọ fún ọ pé ilé rẹ ń jó, ṣé wàá jókòó torí pé olè ni?" Èdè Ìdànrè ló fi sọ ọ́, ó sì le lẹ́nu rẹ̀ ju bí mo ṣe kọ ọ́ síbí lọ. "Mú mi lọ sí Àkúrẹ́. Bí ojú yìí bá là, ojú ọ̀bàyéjẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ wò."

A lọ. Àlàájà bá wa lọ, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n wá parọ́ fún òun nípa bó ṣe rí. Nínú fíìmù, dókítà máa ń jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, á nu òógùn, á mi orí, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà tiwa jáde, ó ní ó ti parí, ó sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá oníbọ̀ọ̀lì ṣì wà níta. Kí n tó la ẹnu, Àlàájà ti bá mi dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìbòjú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ṣẹ́jú, ó tún un ṣẹ́, ó ní, "Fóònù dà?" Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi. Ó ní òun ti sinmi tó. Mo bá gbé fíìmù náà sí i, mo dúró lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, mo di í mú síwájú rẹ̀. Wòlíì náà yọ. Ìyá mi sún mọ́ ọn, ó wò ó títí.

"Òun nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Ó mà dáa lọ́kùnrin o." Ó mí kanlẹ̀. "Ká má parọ́, bí mo tiẹ̀ ríran lọ́jọ́ náà, èmi náà ì bá ṣe Àmín."

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó bá wọlé nínú fíìmù.

"Ta nìyí?"

"Ìyàwó ni, mà."

"Ìyàwó wa yẹn? Bùbá dà?"

Mo rọra yí fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ní bùbá dà? Gèlè tó bá a mu ńkọ́?"

Ó yíjú padà láti bá mi jà. Ìjà náà ò jáde. Ó ń wò mí ṣáá. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan irun mi níbi tí aṣọ ìborí ti yẹ̀.

"Ìgbà wo ni ewú yìí dé?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"O sì rù tó báyìí?"

Mo fa aṣọ ìborí mi síwájú.

"Gbogbo fíìmù lo ròyìn fún mi," ló wí, "aṣọ tí wọn ò wọ̀, gèlè tí wọn ò wé. O ò sọ bí ìwọ alára ṣe rí fún mi rí."

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wòlíì èké ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀, ó ń ké tantan, nọ́ọ̀sì tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì sì dá a lóhùn pé, "Àmín!" Ìyá mi ò tiẹ̀ yíjú síbẹ̀. Èmi ló ń wò.