Ọjọ́ Tí Ṣọ́ọ̀bù Tàǹtí Mi Di Gbogbo Djidjolé

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé ohun tí ìwé ìròyìn bá ti sọ, ẹnu gbogbo ìlú ló ti bọ́. Ìgbà yẹn mo ń gbé lọ́dọ̀ tàǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tó ń ta ìkòkò àti àwo tánganran ní Djidjolé, àdúgbò kan ní Lọmé, létí títì. Mi ò kàwé lọ títí. Faransé tí mo gbọ́, ara ìwé ìròyìn tí wọ́n ń so kọ́ sórí okùn níwájú ìsọ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Èèyàn á dúró láàárọ̀, á ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jà.

Ìwé méjì là ń jà lé lórí. Ọ̀kan jẹ́ tàwọn tó fẹ́ràn ìjọba, ìkejì tàwọn tí ò fẹ́ rí ìjọba sójú. Tèmi ni ìkejì. Tó o bá ka ti ìjọba lójú mi, mi ò ní kí ẹ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, àfi tó o bá jẹ́ oníbàárà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Mo mọ òwe yẹn dáadáa. Mo ṣáà rò pé àwọn tó ń ka tọ̀hún ni wọ́n ń fi bá wí ni.

Lọ́dún yẹn, àwọn ará mérì, ìyẹn àwọn tó ń ṣàkóso ìlú, láwọn fẹ́ mú títì wa fẹ̀, pé ká kó ọjà wa kúrò létí ẹ̀. Ìwé ti ìjọba kọ ọ́ pé inú gbogbo ará Djidjolé ń dùn, pé a ń dúpẹ́. Tiwa kọ ọ́ pé gbogbo ará Djidjolé ti yarí, pé tó bá di Àlàmísì, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó máa ṣí. Ara mi gbóná. Mo sáré lọ bá tàǹtí mi.

Àlàmísì yẹn gan-an ni oníbàárà wa tó tóbi jù ń bọ̀. Tísà obìnrin kan ni, ará Atakpamé, tó fẹ́ fa ọmọ ẹ̀ fọ́kọ, tó sì fẹ́ ra gbogbo ìkòkò àti àwo tọ́mọ náà máa gbé délé ọkọ. Tàǹtí mi ti ń retí ẹ̀ látìgbà ààwẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo ti bi àwọn ará títì wò. Mo ní kí ni mo fẹ́ bi wọ́n sí, ṣé ìwé ìròyìn ò ti bi wọ́n ni? Mo ní tó bá ṣí, wọ́n á ní àwa Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, la dalẹ̀ ìlú. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù. Àlejò tó ti pẹ́ nílùú, ó ṣì ń wojú onílé kó tó rẹ́rìn-ín. Ó gbà.

Ilẹ̀ Àlàmísì mọ́, gbogbo Djidjolé ṣí. Àwọn télọ̀ ṣí, àwọn tó ń jó irin ṣí, obìnrin tó kọjú sí wa, tóun náà ń ta ìkòkò, ti ṣí kí oòrùn tó yọ. Ilẹ̀kùn tiwa nìkan ló wà ní títì.

Ẹ sì mọ̀ wá, àwa Yorùbá Lọmé. Tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọdún, tẹ́nì kan ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, èèyàn ló kú. Kò sẹ́ni tó máa rò ó sí nǹkan míì. Kó tó dọ̀sán, wọ́n ti ń wọ́ wá sílé wa. Ẹni kan gbé búrẹ́dì, ẹlòmíì gbé ṣúgà. Àáfà àdúgbò ti jókòó, ó ń bi mí ní jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí lorúkọ olóògbé, kóun lè ṣàdúà fún un. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, a ń yanṣẹ́ lódì ni. Ó wò mí títí.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ìbànújẹ́ máa ń ṣeni báyẹn.”

Tàǹtí mi ò lè lé àlejò, ló bá gbé omi tíì kaná. Ibi tí wọ́n ti ń mu ún lọ̀rọ̀ títì ti jáde. Télọ̀ kan lóun fẹ́ títì náà, eruku ń ba aṣọ oníbàárà òun jẹ́, àmọ́ kí wọ́n dúró dẹ̀yìn Iléyá. Obìnrin kan tó ń ta bàtà ní tí ibi tí wọ́n ń kó wa lọ bá ṣáà ti ní ilé ìtọ̀, òun á lọ. Bàbá kan lóun ò bínú, inú òun ò sì dùn, ó rẹ òun ni. Mo ń gbọ́, orí mi ń gbóná, torí kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó wà nínú ìwé kankan.

Àfi bí tísà Atakpamé ṣe wọlé. Wọ́n ti sọ fún un níwájú ṣọ́ọ̀bù pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá. Ó ti ra ìkòkò ẹ̀ tán lọ́dọ̀ obìnrin iwájú wa, ó ní kóun kí wa kóun tó padà. Ó gbé ṣúgà tó mú wá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti tàǹtí mi, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló kú?”

Tàǹtí mi ò wò ó, èmi ló ń wò. “Ọpọlọ ọmọ yìí ni,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàìsàn.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Tísà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó lóun gbéra ní Atakpamé ní ìdájí torí ìkòkò, àwa wá ti ilẹ̀kùn torí ìwé. Ó dìde, ó gbé ṣúgà ẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, àwòrán ilẹ̀kùn wa jáde nínú ìwé méjèèjì. Tiwa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé gbogbo Djidjolé tì pa. Ti ìjọba ní kò sẹ́ni tó tì, àfi obìnrin kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, pé ìlú bá a kẹ́dùn. Ti ìjọba ló sún mọ́ òótọ́ jù, ìyẹn ló dùn mí jù. Tàǹtí mi wo àwòrán náà, ó ní ká ní ẹni tó yà á tiẹ̀ yíjú sẹ́yìn díẹ̀ ni, ì bá rí ibi tí wọ́n ti ń di ìkòkò fún oníbàárà òun.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà ìgbéyàwó ọmọ tísà, tàǹtí mi mú mi wọ mọ́tò lọ Atakpamé, èmi ni mo ru ìkòkò tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù wa lọ fún ìyàwó. Tísà gbà á.

Títì ti fẹ̀ báyìí. Ibi tuntun tá a wà ní ilé ìtọ̀, omi ni ò sí níbẹ̀. Mo ṣì ń bínú, ìyẹn ò tíì kúrò lára mi. Àmọ́ tí mo bá rí “gbogbo ará ìlú” lórí fóònù, mo máa ń kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn tó wà nítòsí mi, kí n gbọ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn ò tíì gbọ́ pé àwọn ń bínú.

Tísà ti padà di oníbàárà wa, ọmọ ẹ̀ míì fẹ́ lọ́kọ. Ṣùgbọ́n kó tó gbéra nílé, èmi ló máa ń pè lórí fóònù. Á ní kí lẹ wí lọ́hùn-ún, ṣé ẹ máa ṣí lọ́la? Inú á bí mi dé ọrùn. Màá gbé e mì, màá ní, “A máa ṣí, màmá.”

“Ó dáa,” á ní. “Jẹ́ kí n bi tàǹtí ẹ wò.”