Àwọn Òkúta Tí A Dà Nù

Etí mi ò tíì gbàgbé bí òkúta ṣe máa ń ké kó tó fọ́ nínú ẹ̀rọ. Ní àwọn ọdún 1990 ni, ní Bódìjà, nínú yàrá ìdánwò òkúta kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè kan lápá Baṣọ̀run, kí páìpù omi lè gba ibẹ̀ kọjá. Alájì kan, ọmọ Ìbàdàn gidi, ló ń fi ẹ̀rọ lu òkè náà. Á fa òkúta yọ gbọọrọ bí ọ̀pá, á kó o wá fún mi, èmi á tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ tèmi títí yóò fi fọ́, n ó sì kọ bó ṣe le tó sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí Alájì ń kó wá ló le bí irin. Inú ọ̀gá ẹnjiníà wa dùn, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ lè wọ inú ihò láìsí irin tí yóò gbé àjà rẹ̀ dúró. Inú tèmi náà dùn. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, ó tó oṣù méjì kí n tó ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà tí Alájì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára àwọn ọ̀pá náà ń fò. Lẹ́yìn mẹ́ta, méje ló kàn.

"Alájì, àwọn tó wà láàárín dà?"

"Àwọn tó fọ́ yẹn ni, Ìyá? Mo ti dà wọ́n nù. Ṣebí ẹ̀yin lẹ bú mi lọ́jọ́ kìíní, pé n ò gbọdọ̀ gbé àfọ́kù wá fún yín mọ́!"

Òótọ́ ló sọ. Mo bú u, torí pé àfọ́kù kì í dúró nínú ẹ̀rọ. Àṣé òkúta tó le nìkan là ń dán wò, èyí tí kò le, orí ààtàn ló wà. A jọ lọ ṣà wọ́n, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó ń ṣa àgbálùmọ̀. Nígbà tí mo fọ̀ wọ́n tán, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Òkúta tó le, hóró rẹ̀ kéékèèké, wọ́n há mọ́ ara wọn dígbí, òkúta funfun tí ọ̀bẹ ò lè ha ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n máíkà ló kún inú àwọn àfọ́kù yìí, èyí tó ń dán yinrinyinrin, tó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí ewé ìwé, gbogbo rẹ̀ sì sùn sápá kan náà. Bí irú àjà bẹ́ẹ̀ bá ṣí, pẹlẹbẹ ńlá ni yóò já lé èèyàn lórí. Ọkùnrin mẹ́fà ló sì máa wọlé lọ́jọ́ Ajé.

Mo lọ bá ọ̀gá. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Màdáàmù, òkúta ni òkúta. Ẹ máa fọ tiyín, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin gbẹ́ ihò." Èmi tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gba ìwé ẹ̀rí!

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé oríṣi méjèèjì dé ẹnu ihò, mo fi òòlù lé ọ̀gá lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Ó lu èyí tí hóró rẹ̀ há mọ́ra. Òòlù ta padà, díẹ̀ ló kù kó gbá a nímú. Èkejì, èékánná ni mo fi bó o, bí ẹni ń bó àlùbọ́sà.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé," ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wí.

Alájì ní, "Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò ọ̀gá sílẹ̀ ná, kí wọ́n tó wọlé!"

Ẹ̀rín pa wá. Kò sẹ́ni tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá bínú lọ, àmọ́ irin dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ dé ibi òkúta máíkà náà, pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn já, irin sì gbé e dúró. Ọkùnrin mẹ́fà wọlé, mẹ́fà jáde. A jó lẹ́nu ihò, tèmi ti bàtà ọ́fíìsì mi nínú ẹrẹ̀.

Nínú ìwé tí ọ̀gá kọ ránṣẹ́ sókè, ó ní òun fúnra òun lòún ṣàwárí òkúta máíkà náà. Mi ò dárí jì í, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà rí mi ní Dùgbẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èrò, ó fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ hàn mí. Mo bi í bóyá ó rántí orúkọ ọ̀gá yẹn. Ó ronú, ó ronú títí, ó ní òun ò rántí. Mo gba ọmọ náà gbé, inú mi sì ń dùn títí mo fi délé.