Ìgbà Tí Bàbá Mi Kò Kí Ọkọ̀ Mọ́

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo dúró ní oríta Ganaja, mò ń retí kẹ̀kẹ́, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ajaokuta. Kí ó tó dé oríta, awakọ̀ rẹ̀ dá jíà padà. Mo gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì bí ó ṣe ròkè díẹ̀, tó tún rọlẹ̀, ọkọ̀ ńlá náà sì dẹ eré láìmi orí rárá. Ẹni tí kò bá wa ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì rí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ méjì kọjá lójú mi kí n tó rántí pé ó níbi tí mò ń lọ.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ọkọ̀ wà lónìí, ọkọ̀ yín ló ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pijó àtijọ́ ni, aláwọ̀ eérú, ó sì ti wà lójú títì tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ganaja ló máa ń dúró sí. Jíà rẹ̀ kò sí láàárín ìjókòó méjèèjì. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti Kabba, máa ń fọ ọkọ̀ náà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọn a sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ìyá mi a máa sọ pé ọkọ̀ yẹn ni ìyáálé òun.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí àìsàn wọ eegun ẹ̀yìn bàbá mi. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mò ń retí àtiwọ yunifásítì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni bàbá mi ní láti lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ìlú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò lè sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìjókòó Pijó rọ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi kò mọ ọkọ̀ wà, ìlú òkèèrè sì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà. Ó ku èmi nìkan. Bí mo bá wa ọkọ̀ náà dáadáa, bàbá mi á dé ilé ìwòsàn ní àlàáfíà. Bí mo bá wà á ní ìwàkuwà, eegun wọn ni yóò gbà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ mi, ní ọ̀nà oníyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Wọ́n jókòó sápá ọ̀tún mi, pẹ̀lú irọ̀rí méjì lẹ́yìn. Mo tètè mọ bí a ṣe ń ti jíà láti ení lọ sí mẹ́rin. Bí a ṣe ń padà láti mẹ́rin sí mẹ́ta, láti mẹ́ta sí méjì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

“Ẹ́ńjìnnì ń sáré tirẹ̀,” ni bàbá mi wí, “táyà náà ń sáré tirẹ̀. Tó o bá kàn já kílọ́ọ̀ṣì lójijì, wọ́n á kọlu ara wọn. Tẹná díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá táyà dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni kó o wá já a, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.”

Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Orí mi gbọ́, ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́.

Àwa ará Okun láti Kabba, ìkíni kan la ní tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. “Okun” là ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, òun náà là ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹni tí ìyà ń jẹ. Nígbàkígbà tí mo bá já kílọ́ọ̀ṣì tí ọkọ̀ sì fò síwájú, bàbá mi kì í bá mi wí. Ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kí.

“Okun o, àgbà.”

Bí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀: “Okun, okun. Ọmọdé ni, foríjì í.”

Ìyá mi á bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní oríta, gbogbo ọ̀nà dí. Oníkẹ̀kẹ́ kan yọ orí síta, ó pariwo lédè Haúsá pé, “Sannu fa, Hajiya!” Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

“Dá a lóhùn o,” ni bàbá mi wí. “Bí tiwọn ṣe ń kí ọkọ̀ nìyẹn.”

Ẹ má rò pé mo fi ìkíni yẹn ṣeré. Ẹni tó di sítíárì mú kì í mọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbo ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó ti gbára dì kí ọkọ̀ tó fò. Nítorí náà, ẹnu bàbá mi ni mo fi ń wọn iṣẹ́ ara mi. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n kí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá láti ilé wa dé oríta. Nígbà tó yá, ó di mẹ́fà. Lákòókò yìí wọn kò lè jókòó níwájú mọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí, orí wọn lórí itan ìyá mi. Ó di méjì. Ọjọ́bọ̀ kan wá dé, nínú òjò, tí a lọ tí a bọ̀ láìsí ìkíni kankan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yá mi. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e rí bẹ́ẹ̀ náà. Mo gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, odò Ọya kún, omi sì bo ọ̀nà Ganaja. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ ń gbé wọn lọ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi kò lè jáde mọ́. Kí omi tó fà, wọ́n ti kú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń rẹ ara mi lẹ́kún: ó kéré tán, ọ̀nà ilé ìwòsàn kò dùn wọ́n níkẹyìn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti ìyá mi ń rẹ́ ilá, mo sì sọ ọ́ jáde.

Ìyá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ta ló sọ fún ọ pé kò dùn wọ́n?”

“Wọn ò kí ọkọ̀ mọ́, Mọ́mì.”

Ìyá mi ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n fi ọrùn ọwọ́ hàn mí, bí ẹni pé àpá ṣì wà níbẹ̀. “Ibí ni bàbá rẹ máa ń dì mú. Láti ilé títí dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Wọ́n ní tó o bá gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ á máa gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹlòmíràn tó máa wa ọkọ̀ fún wa.”

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìgbà náà. Ó ṣeé ṣe kí n ti mọ ọkọ̀ wà ní tòótọ́, kó jẹ́ pé àìsàn ló le sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòtò ojú títì ló ń dùn wọ́n, kì í ṣe jíà mi; ìyá mi kì í ṣe awakọ̀, wọn kò lè mọ ìyàtọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí n má sunwọ̀n rárá. Ẹni kan ṣoṣo tó lè dáhùn ló pinnu pé òun kò ní dáhùn. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè báyìí. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo kà sí ẹ̀rí, ẹ̀bùn ni wọ́n fi ṣe fún mi.

Ìbátan wa kan ti wa Pijó náà lọ sí Kabba. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti padà wálé, ni mò ń wà nígbà tí àyè bá wà, kò sì ní kílọ́ọ̀ṣì. Lóṣù tó kọjá, mo fi í gbé ìyá mi bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Orúnkún ń dùn wọ́n lọ́dún yìí. Mo bi wọ́n bóyá ọ̀nà náà ń nira fún wọn.

“Rárá o,” ni wọ́n wí. “Máa wà á lọ, ọmọ mi. Ara mi le.”

Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì yíjú sí wọn. Mi ò wo ojú wọn. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, ó dì gbagidi. Mo pa ẹ́ńjìnnì. A jókòó síbẹ̀ títí ọwọ́ náà fi tú.